Ẹni Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn Rẹ̀

Ẹ má wulẹ̀ di ẹ̀bi náà ru ẹlòmíì, Aláago ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á sọ fún yín pé kò sí ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ aago tó o ládùúgbò. Aago ọwọ́ ni, aago ara ògiri ni, títí dé èyí tó ti kú láti ayé bàbá bàbá ẹni, tó bá ti fi awò kékeré yẹn sójú, tó fi ẹ̀mú bíńtín tú u palẹ̀, yóò jí i padà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó fi ń wo inú aago, kò fi wo inú ilé ara rẹ̀ rí.

Ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo ohun tó ní láyé. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti bá tiwọn lọ, ilé wá ku àwọn méjèèjì. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rán kọ́tínnì ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, ó ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe ọ̀gá lórí àwọn aránṣọ márùn-ún yòókù, inú Aláago dùn gan-an. Ó dùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ni agẹrun tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tirẹ̀ wá bá a ṣẹ̀fẹ̀.

"Aláago, mo rí ìyàwó yín lánàá o. Háà! Ipò ọ̀gá ti ń hàn lára wọn. Bí wọ́n ṣe ń rìn yẹn, ẹ yáa máa ṣọ́ wọn, kí ẹnìkan má lọ gbà wọ́n mọ́ yín lọ́wọ́."

Agẹrun rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí orí oníbàárà rẹ̀. Kó tó mú abẹ ló ti gbàgbé ohun tó sọ. Aláago ò gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì fi rẹ́rìn-ín dànù, òjòwú á gbé e relé, á tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, á máa sùn lé e lórí. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Òótọ́ ni, torí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni ṣòkòtò Aláago ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí rẹ̀.

Aago mẹ́rin ni obìnrin náà ń ṣíwọ́. Láti ibi iṣẹ́ dé ilé, ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni, Aláago ti ka iye rẹ̀ dáadáa. Òun náà a máa tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní nǹkan bí aago mẹ́rin, á lọ jẹun nílé, á sì padà síbi iṣẹ́ títí di aago méje. Tó bá ti jókòó sídìí tábìlì, tí ilẹ̀kùn dún ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún, ara tù ú nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tí agẹrun sọ̀rọ̀ yìí, obìnrin náà fi ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ́ lọ́jọ́ kan, ó fi mẹ́jọ pẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó ní òwú lòun dúró rà. Ó ní òun rí ọ̀rẹ́ òun kan, àwọn kíra. Ẹlòmíì á ní "ẹ kú ìrìn", á sì bu oúnjẹ sẹ́nu. Aláago gbé ojú lé aago ara ògiri, ó ń ṣírò.

Bó ṣe lọ ra jákẹ́ẹ̀tì búráùn kan nìyẹn, àlòkù tó ní fìlà lẹ́yìn, èyí téèyàn lè fà bo orí dé iwájú. Ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí àwọn aago tó ti kú, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní yọjú sí. Tó bá ti ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́rin lù, á gbé pátákó "Mò ń bọ̀" kọ́ sára ilẹ̀kùn, á wọ jákẹ́ẹ̀tì, á lọ dúró lẹ́yìn àwọn lọ́rì tó máa ń já ẹrù nítòsí ṣọ́ọ̀bù kọ́tínnì. Ìyàwó rẹ̀ á jáde, yóò tẹ̀ lé e. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n délé, á gba ẹ̀bùrú, á sáré gba ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn kọjá, á bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, á ká a sábẹ́ abíyá, á sì jókòó sídìí tábìlì kí obìnrin náà tó ṣílẹ̀kùn. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta! Ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ó ń díbọ́n pé òun ń ka ìwé ìròyìn.

Kí ló rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Kò rí nǹkan kan. Obìnrin náà ra òwú, ó kí ẹni tó ń ta búrẹ́dì, ó relé. Ẹni tí orí rẹ̀ pé á dúpẹ́, á fi jákẹ́ẹ̀tì ta alágbe lọ́rẹ. Aláago ní tòun, bí òun kò bá rí nǹkan, a jẹ́ pé wọ́n mọ̀ ọ́n fi pamọ́ ni. Ó lọ lọ́jọ́ kejì. Ó lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó di iṣẹ́ kejì sí i lọ́rùn.

Ní gbogbo ìgbà yìí, àwọn olè orí alùpùpù ti gba títì náà kan. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ṣọṣẹ́. Wọ́n á yọ séèyàn lẹ́yìn, wọ́n á já fóònù tàbí báàgì gbà, kó tó pariwo, wọ́n ti dé ìkóríta kejì. Wọ́n wọ́ ọ̀kan nínú àwọn aránṣọ nílẹ̀ nítorí báàgì, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Torí náà, nígbà tí ìyàwó Aláago ní òun fẹ́ máa lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń ṣọ́ra lójú pópó, ní gbọ̀ngàn ilé ìwé, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, wákàtí kan péré, kò sí ohun tí Aláago lè rí wí sí i.

"Ta ló ń kọ́ yín?" ó béèrè.

"Sájẹ́ǹtì kan ni. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá."

Fífẹ̀yìn tì yẹn ló fi ọkàn Aláago balẹ̀. Ó ti ya bàbá arúgbó kan sọ́kàn, tí eyín rẹ̀ kò pé, tí ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kejì, ó lọ yọjú lójú fèrèsé gbọ̀ngàn. Yéè! Ọkùnrin gíga ni, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ewú orí rẹ̀ ń dán bí ohun tí wọ́n dìídì fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ọwọ́ ìyàwó Aláago ló sì dì mú! Obìnrin náà lọ́ ọwọ́ rẹ̀ gbà, gbogbo àwọn obìnrin inú gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́, Sájẹ́ǹtì sì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kúuṣẹ́! Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe kẹ̀! Owú ru gùdù lọ́kàn Aláago. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó tú aago oníbàárà kan palẹ̀, kò sì rántí bó ṣe máa tò ó pọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí wọ́n ń jẹun alẹ́, obìnrin náà ń sọ ohun tó kọ́, inú rẹ̀ ń dùn. Sájẹ́ǹtì ní kí wọ́n máa gbé báàgì sí apá ògiri, kì í ṣe apá títì. Sájẹ́ǹtì ní kí wọ́n máa kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀, kí nǹkan má bàa yọ sí wọn lẹ́yìn. Sájẹ́ǹtì ní kẹ́nikẹ́ni má máa tẹ fóònù lójú ọ̀nà. Sájẹ́ǹtì ní tí wọ́n bá fura pé ẹnìkan ń tẹ̀ lé wọn, kí wọ́n sọdá títì, kí wọ́n tún sọdá padà. Ẹni tí kò bá ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú wọn kò ní bá wọn ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Kí ọbẹ̀ tó tutù, Aláago ti kà á pé ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ló dárúkọ Sájẹ́ǹtì. Ìmọ̀ràn tó wà nínú rẹ̀, ẹyọ kan kò wọ̀ ọ́ létí.

"Ó tún ku ọ̀kan," ni obìnrin náà ní, "ṣùgbọ́n Sájẹ́ǹtì ní ká má sọ ìyẹn síta."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá.

"Kí ló tiẹ̀ gbé ọ débẹ̀ gan-an?" ni Aláago fi dáhùn. "Ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n ń jà lólè ládùúgbò yìí ni?"

Obìnrin náà gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu etí tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Nǹkan kan wà tí mo ti fẹ́ bá yín sọ," ó ní. "Ó ti ń lọ bí oṣù kan báyìí. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa dààmú ni, torí ẹ ò ní jẹ́ kí n lọ síbi iṣẹ́ mọ́."

"Pé Sájẹ́ǹtì wù ọ́?"

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, tó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Obìnrin náà kó àwo, ó ní, "Ẹ sinmi, ó ti rẹ̀ yín." Kò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́ láti ọjọ́ náà lọ.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, à bá dárí jì í. Ṣùgbọ́n owú kì í jókòó sójú kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ fóònù ìyàwó rẹ̀ wò nígbà tí obìnrin náà bá ń wẹ̀. Lójoojúmọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ sọ́dọ̀ Sájẹ́ǹtì: "Mo ti délé. Ọkọ mi wà nílé." Lójoojúmọ́ ni Sájẹ́ǹtì ń dáhùn: "Ó dáa. Ẹ sinmi dáadáa." Aláago kà á títí ojú rẹ̀ fi ń ṣú. Lójú tirẹ̀, kí ni èèyàn tún fẹ́ kà lẹ́yìn ìyẹn? Obìnrin ń kìlọ̀ fún àlè rẹ̀ pé kó má pe òun, pé ọkọ wà nítòsí!

Ó tún rí nǹkan mìíràn. Ìyàwó rẹ̀ ń kó ríbọ́ọ̀nù yẹ́lò láti ibi iṣẹ́, àwọn àjákù tó ń ṣẹ́ kù lára kọ́tínnì. Lọ́jọ́ kan tó ń tẹ̀ lé e, ó rí i tó so ọ̀kan mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn ilé ìtajà ọ̀dà. Ó rí òmíràn lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì. Nígbà tó yí gba ọ̀dọ̀ Sájẹ́ǹtì kọjá, ríbọ́ọ̀nù yẹ́lò kan ń fì lára géètì tiẹ̀ náà. Ọ̀ràn dé! Ó ti dájú pé àmì ìpàdé ni. Ibi tí wọ́n bá ti so ó ni wọ́n á ti ríra. Ẹ ò rí nǹkan! Ó ṣàánú ara rẹ̀ débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ títí di àkókò yìí, tí ẹ bá ní kó fi ẹ̀rí kan lélẹ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ṣe ohun tí kò dáa, kò ní rí. Oṣù mẹ́ta ló ti ń rìn lẹ́yìn rẹ̀. Òwú, búrẹ́dì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin, gbọ̀ngàn, ilé, àwọn ló ń rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti pinnu ohun tó fẹ́ rí kì í wo ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ó di ọjọ́ Ẹtì. Kò sí ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, oòrùn ṣì mú, ìyàwó Aláago jáde, báàgì rẹ̀ wà lápá ògiri. Aláago fa fìlà jákẹ́ẹ̀tì bo orí, ó jìnnà sí i ní bí ilé márùn-ún. Lọ́jọ́ náà, obìnrin yìí kò yà sọ́dọ̀ olówùú, kò sì kí ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Ìrìn rẹ̀ yá. Ó sọdá títì. Aláago sọdá. Obìnrin náà rìn díẹ̀, ó tún sọdá padà. Aláago tún sọdá padà, ó tilẹ̀ ń kánjú, mọ́tò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù ú, awakọ̀ sì ṣépè fún un. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n ti sọ eléyìí fún un nídìí oúnjẹ? Ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ Sájẹ́ǹtì, etí rẹ̀ a ti di.

Obìnrin náà bá wọ ilé ìtajà ọ̀dà, níbi tí ríbọ́ọ̀nù yẹ́lò wà.

Ọjọ́ ti pé. Ó ro ohun tó máa sọ. Á wọlé, á ká wọn mọ́bi tí wọ́n ti dira wọn lọ́wọ́ mú, á bọ́ fìlà lórí, á ní, "Ẹ kú ìgbádùn o!" Ó dúró ìṣẹ́jú méjì gbáko, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ti ilẹ̀kùn, ó wọlé gìrì.

Kò sí Sájẹ́ǹtì níbẹ̀. Garawa ọ̀dà ló kún ibẹ̀ dé àjà. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn káńtà, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó na ìka sí i. Ó sì pariwo, irú ohùn tí Aláago kò gbọ́ rí láti ọdún mẹ́tàlélógún tí wọ́n ti fẹ́ra:

"Òun nìyẹn! Ẹni tó wọ jákẹ́ẹ̀tì búráùn! Ẹ gbà mí o!"

Kó tó lanu, Ìyá Ọlọ́dà, obìnrin ńlá tó ni ilé ìtajà náà, ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn, ó sì fi igi tí wọ́n fi ń ro ọ̀dà gbá a lẹ́sẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì jáde láti inú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n dà á délẹ̀. Garawa kan dojú dé, ọ̀dà funfun ṣàn dé etí rẹ̀. Ẹnìkan jókòó lé e lẹ́yìn. Ó fẹ́ sọ pé òun ni, ọ̀dà wọ ẹnu rẹ̀.

"Gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun!" ni Ìyá Ọlọ́dà ń sọ, ó ń mí hẹ̀lẹ̀. "Ẹ má yọ̀ǹda rẹ̀ o! Èmi ni wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù ààbò sí lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tí wọ́n bá ń tẹ̀ lé lè sá wọlé, kì í ṣe ọ̀ṣọ́!"

Sájẹ́ǹtì ti dé, torí wọ́n ti pè é lórí fóònù nígbà tí Aláago ń wo aago lóde. Ó ní kí wọ́n gbé e dìde. Ó fa fìlà jákẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn lórí rẹ̀, ó fi àkísà nu ojú rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì yíjú sí obìnrin náà.

"Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Ìyàwó Aláago wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó wo jákẹ́ẹ̀tì, ó tún wo ojú rẹ̀.

"Ọkọ mi ni," ó ní.

"Háà!" Ìyá Ọlọ́dà ju igi nù. "Ọkọ yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, sà! A ò mọ̀ ni o! Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n bu omi..." Ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ń gbọn ọ̀dà dànù lára Aláago, ẹnìkan ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ̀ bá ti sọ̀rọ̀." Aláago fúnra rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ó ti tán.

"Ẹ dúró ná," ni obìnrin náà wí. "Ọkọ mi ni. Ṣùgbọ́n òun náà ni."

Kò sẹ́ni tó tún gbọn ọ̀dà mọ́.

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìwé pélébé kan jáde. Ìyá Ọlọ́dà bá a di ìwé náà mú. Sájẹ́ǹtì ló ní kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kà á sókè: Ọjọ́rú, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, lẹ́yìn lọ́rì, jákẹ́ẹ̀tì búráùn. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀gbẹ́ ilé búrẹ́dì, ó dúró nígbà tí mo dúró. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ojú fèrèsé gbọ̀ngàn, ẹnìkan sá lọ. Ó ń kà, Aláago ń rántí. Gbogbo ìṣẹ́jú rẹ̀ ló pé.

"Èwo nínú wọn ni kì í ṣe ẹ̀yin?" ni obìnrin náà béèrè.

Aláago fi apá jákẹ́ẹ̀tì nu ọ̀dà lẹ́nu.

"Torí rẹ̀ ni mo ṣe lọ kọ́ ẹ̀kọ́. Torí rẹ̀ ni mo ṣe wá ríbọ́ọ̀nù kiri. Oṣù mẹ́ta, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ pa mí ni àbí wọ́n fẹ́ jí mi gbé. Tí mo bá ṣílẹ̀kùn nílé, tí mo rí yín lórí àga, tí mo mọ̀ pé mi ò dá wà, ìgbà yẹn ni mo tó ń lè mí. Mo máa ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Sájẹ́ǹtì: ọkọ mi wà nílé." Ó pa ìwé náà dé. "Mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ bú mi."

Aláago kò gbójú sókè. Ó wo Sájẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkùnrin tó kórìíra jù láyé, àkísà ọ̀dà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ìdùnnú kankan lójú rẹ̀.

"Mẹ́rìndínlógún ni mo kọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn?"

Aláago lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Ó ku mẹ́wàá tí o ò rí," ó ní.

Obìnrin náà jókòó lórí garawa kan. Kò sunkún. Ó ń wo ilẹ̀ tí ọ̀dà funfun ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Sájẹ́ǹtì béèrè bóyá kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Obìnrin náà mi orí pé rárá. Ó ní òun fẹ́ relé, òun fẹ́ sùn, kí Ìyá Ọlọ́dà jọ̀ọ́ sin òun dé ẹnu ọ̀nà, kó sì dúró ti òun títí òun á fi ti ilẹ̀kùn láti inú. Ìyá Ọlọ́dà bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó mú un lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Aláago wà, àwọn méjèèjì yà fún un, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá.

Aláago jáde tẹ̀ lé wọn. Ó ti gbé ẹsẹ̀ méjì lójú títì kí Sájẹ́ǹtì tó fọwọ́ kàn án léjìká.

"Níbo lẹ ń lọ, bọ̀dá?"

"Ilé ni," ni Aláago wí. "Ọ̀nà kan náà ni èmi àti ìyàwó mi ń gbà."

Sájẹ́ǹtì wo àwọn obìnrin méjèèjì tó ń lọ níwájú.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ẹ dúró síbí."

Aláago sì dúró.